Wàláà Tí Mo Fá

Láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, kò sí káfíńtà tó lè fá pákó kó dán bíi tèmi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, àmọ́ àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ ló ń wá láti Òkè Padre wá bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn kan ilẹ̀kùn. Bí ìlà bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun wọ́, ojú mi á rí i.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ka Kùránì parí, tí wọ̀límọ̀ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ wàláà, pákó ìkọ̀wé kéú, tí wọ́n ń tà ní Òjé.

"Bàámi, èmi àtẹ̀yin la ó jọ ṣe é. Ẹ ó gé pákó, èmi ó kọ ọ́."

Inú mi dùn ju ti ẹni tó lọ Mẹ́kà bọ̀. Ìrókò tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo gé. Mo fá a, mo fi àfọ́kù ìgò ha á, mo gbẹ́ ọnà sí etí rẹ̀ yíká. Ẹ lè fi wo ojú yín.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́, ahọ́n á yọ síta bó ṣe ń ti gègé bọ tàdáwà. Nígbà tó parí, mo wò ó. N ò lè ka kéú, àmọ́ mo mọ ohun tó tọ́. Ìlà kejì tẹ̀ wálẹ̀ bí òrùlé tí ikán ti jẹ igi rẹ̀.

"Ìlà yìí wọ́."

"Mo mọ̀, Bàámi. Ààfáà ní kò burú, wọ́n ní ọwọ́ mi ló hàn níbẹ̀."

"Ààfáà kì í ṣe káfíńtà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ kì í ṣe Ààfáà."

Bó ṣe lọ ilé-kéú, mo gbé ìfági, mo fá gbogbo rẹ̀ kúrò, kó lè tún un kọ kó tọ́. Omi la fi ń wẹ kéú kúrò lójú pákó, a kì í fi irin fá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì, tí wọ́n tọ́ láàárín àwọn oníkéú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfági ti wà lọ́wọ́ mi ná.

Ó dé bá pákó lásán. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa àwọn igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí tàdáwà wà lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ omi. Ó wẹ̀ wọ́n títí omi fi dúdú, ó sì mu ún bí ẹni mu hàntú, omi kéú tí a ń mu fún ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Baálé ilé, ṣé ó ti wá tọ́ báyìí?"

Mo sọ fún ọmọ pé kó tún un kọ.

"Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Bàámi."

Lọ́jọ́ wọ̀límọ̀, wàláà àyálò ló gbé gba Bẹẹrẹ kọjá. Ó ti là, wáyà ni wọ́n fi so ó pọ̀. Ará àdúgbò kan ké sí mi láàárín èrò:

"Káfíńtà, ṣé ìṣó tán nílé ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ti wà nílé ọkọ báyìí. Wàláà mi ṣì wà lára ògiri pálọ̀, ó ń dán. Bí àlejò bá dé, wọ́n á bi mí ta ló gbẹ́ irú ọnà yìí, n ó ní èmi ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Bí ọmọ mi bá wá kí wa, àga tó kọ ẹ̀yìn sí i ló máa ń jókòó lé.