Àlọ́ Iná Tí Kò Níná

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kọ́kọ́ pa àlọ́ ìgbín tó ru iná fún mi. Iná kú ní ilé gbogbo ẹranko nígbà ọyẹ́. Àwọn tó lẹ́sẹ̀ sáré lọ wá a, eré tí wọ́n ń sá ló sì ń pa á kí wọ́n tó délé. Ìgbín nìkan ló gbé ẹyín iná sórí ìkarahun, tó ń rọra wọ́ bọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá pa á débẹ̀, àwa ọmọdé á máa gbè é pé, "Rọra o, ìgbín, rọra. Iná ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ." Mi ò mọ̀ pé àlọ́ yìí máa tẹ̀ lé mi dé Dublin, kí ojú sì tì mí níbẹ̀.

A ní aládùúgbò kan ní Ongar, àdúgbò tí à ń gbé ní Dublin, ọkùnrin ará gúúsù Índíà, nọ́ọ̀sì ni. Eré òjìji ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n ń gé ní àwòrán ènìyàn àti ẹranko, wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á so ọ̀pá tín-ín-rín mọ́ ọn, wọ́n á sì máa mú un jó láàárín fìtílà àti aṣọ funfun. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tó ń bọ̀ ní Ireland, àwọn awọ náà ló kọ́kọ́ dì sínú báàgì.

Ní ọ̀sán Sátidé ló máa ń ṣe eré yìí ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa, ibẹ̀ la sì ti mọ ara wa. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ẹnì kankan, ibẹ̀ ló ti máa gbọ́ nípa ilé ìwé tó ṣì ń gba ọmọ. Ìyá àgbà ará Ireland kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ibẹ̀ nìkan ló ti ń bá ènìyàn mu tíì láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ń mú ìtàn tirẹ̀ wá, ọkùnrin náà á sì fi awọ gé àwòrán àwọn ẹni inú ìtàn náà. Ìgbà tó kàn mí, mo mú ti ìgbín lọ.

Ó gé ìgbín náà débi pé ìwo rẹ̀ méjèèjì ń mì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n" (ìyàwó mi ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn), "ẹ fi í sílẹ̀ fún fìtílà. Òun ló máa mí sí i nínú."

Ṣùgbọ́n olùtọ́jú gbọ̀ngàn ti kìlọ̀ fún wa. Àwọn oníjó kan ń wá wákàtí wa. Bí èrò bá kún títí eré fi parí lọ́jọ́ ìtàn tèmi, tiwa ni. Bí wọn ò bá kún, kí a wábi gbà.

Kí ọkùnrin yìí tó ṣeré, á rọ òróró àgbọn sínú fìtílà, á tàn án, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á sì tẹrí ba. Kò dà mí láàmú rí. Àfi lọ́jọ́ tèmi, tí mo yọjú wo àárín èrò, tí mo rí Màmá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Màmá yìí ló ń darí àwọn tó ń gbààwẹ̀. Èmi náà sì rèé, òṣìṣẹ́ nínú ilé Olúwa, níwájú ère awọ àti fìtílà, bí ẹni tó ń bọ òrìṣà.

Mo fa ọkùnrin náà lọ sí ilé ìdáná gbọ̀ngàn. "Àbúrò, má tan fìtílà lónìí. Gílóòbù ni kó o lò."

"Ṣé olùtọ́jú ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní kò séwu, kí n ṣáà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sítòsí."

"Kì í ṣe òun."

Ó wo ojú mi. Ó gbé fìtílà náà sínú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ife sí, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Òjìji gílóòbù kò mí. Ìgbín lẹ̀ mọ́ aṣọ bí ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹyín iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bí aṣọ tí kòkòrò jẹ. Mo ń kọrin lẹ́yìn aṣọ, ìró àga ni mo ń gbọ́. Àwọn kan ti ń jáde. Ọmọ kan ní, "Granny, can we go?"

Ohùn Màmá ló tẹ̀ lé e. "Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn aṣọ, ìgbín yín kú ni, àbí ó ń sùn?" Àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní iná ló rù. Iná ọ̀hún dà? Ẹ tan fìtílà, jàre. Ìdí fìtílà ni ìyá mi ti ń fọwọ́ ṣe ehoro sára ògiri fún wa."

Ọkùnrin náà wò mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, mi ò lè gbójú sókè. Ó lọ gbé fìtílà wá, ó tàn án níwájú aṣọ, ó tẹrí ba níṣojú gbogbo èèyàn, ó sì gbé e sẹ́yìn aṣọ. Mo dúró de ohun tí Màmá máa wí.

"Ó ń kí àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́," ló wí fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ó kúkú lẹ́kọ̀ọ́."

Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Iná ń jó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Màmá ń gbe orin fún mi. Ṣùgbọ́n àga tó ti ṣófo kò kún mọ́. Olùtọ́jú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn àga náà, ó mirí.

Bí a ṣe ń ká aṣọ, Màmá wá bá wa. "Brother, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn aṣọ! Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ta ló ní kí ẹ kọ́kọ́ lo gílóòbù?" Kí n tó dáhùn, ó yí sí ọkùnrin náà, ó tún ìbéèrè náà bi í ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Èmi ni, Mà," ló wí. "Mo rò pé á mọ́lẹ̀ ju fìtílà lọ."

Mo gbọ́. Mo ń ká aṣọ lọ.

Àwọn oníjó ló ní wákàtí náà báyìí. Yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń ṣe eré, ẹni mélòó kan ni ibẹ̀ sì lè gbà. Màmá ń lọ, ìyá àgbà ará Ireland náà ń lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ̀ pé eré náà wà. Ọkùnrin náà ń ránṣẹ́ sí mi pé ìgbín ń dúró de ohùn mi, èmi sì ń gba òpópónà kejì lọ sílé kí n má bàa kọjá lójú fèrèsé rẹ̀. Ìwọ tó o ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ ìwọ ni, ta lo máa kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ fún: ọkùnrin náà ni, àbí Màmá?