Ìjókòó fún Ẹsẹ̀ Tí Kì Í Ká

Káfíńtà ni bàbá mi. Orí òrùlé kan ní Ìjù ló ti já bọ́ kí n tó lọ sílé ọkọ, láti ọjọ́ náà sì ni orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ò ti ká mọ́. Gbọọrọ ni ẹsẹ̀ náà máa ń wà bí ọmọ odó. Ní mọ́sálásí wa l'Ọ̀tà, ìparí sáàfù, ìlà àwọn tó ń kírun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ààyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó kó tó dé. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà níwájú ló ń jókòó. Àwọn dẹ́rẹ́bà á ní èrò méjì làwọn gbé, bàbá àti ẹsẹ̀ bàbá. Òun náà á rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí orúkọ rẹ̀ bọ́ sáàárín àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, ayé òyìnbó ṣì ni, ẹ̀rín yẹn dá. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọn yóò wọ̀. Alájì kan láti Ìjù, tó ti wọ̀ ọ́ lọ lọ́dún tó ṣáájú, wá kí i. Ó ní àga inú rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn bí ti ilé ìwé, ààyè àárín wọn ò sì ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ó wá ní òun gbọ́ pé wọn kì í gbé arọ, torí bí ọkọ̀ bá fẹ́ já, gbogbo èrò ló gbọ́dọ̀ lè bẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ bo orúnkún rẹ̀. Alájì ò fura, ó ń jẹ obì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi gbé àga méjì kalẹ̀ ní pálọ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọn àárín wọn, ó jókòó. Ẹsẹ̀ ò wọlé. Ó yí ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò wọlé. Ìyá mi ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun, ó fọwọ́ ti àga iwájú sọ́hùn-ún díẹ̀, ó tún jókòó, ó ní, "Ó gbà mí."

Torí ohun tó rí yẹn ni ìyá mi ṣe ránṣẹ́ pè mí, ó sì rò ó fún mi. Bàbá mi ní kí n sin òun dé pápá ọkọ̀ òfuurufú; òun ò ní mú ọ̀pá dání, èmi ni òun yóò fọwọ́ lé léjìká, torí èjìká mi ló ṣe déédéé ọwọ́ òun. Ó wá kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹsẹ̀ òun títí òun yóò fi gbéra. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ìgbà kan tí ọkọ̀ kún l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n há a mọ́ ẹ̀yìn láàárín ẹrù. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè dìde, àwa la ń gbé e lọ sí ṣáláńgá. Ta ni yóò gbé e lójú sánmà?

Àárọ̀ la dé pápá ọkọ̀ òfuurufú n'Ìkẹjà. Wọ́n wọn ẹrù, wọ́n wọn èèyàn náà lórí ìwọ̀n bí ẹni wọn kòkó. Bàbá mi gun ìwọ̀n náà, ó di èjìká mi mú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá egungun mi. Akọ̀wé tó jókòó nídìí tábìlì, ọmọ Yorùbá ni, ó ní ìwé kan tó ya àga sí. Ó fi lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé rẹ̀ kọ nọ́ńbà bàbá mi sí àga ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, ó ní kí bàbá máa wo ìkùukùu. Bàbá mi dúpẹ́. Mo wo ìwé náà. Àwọn àga yẹn lẹ̀ mọ́ra wọn bí eyín.

Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ bàbá mi ọ̀tún kì í ká."

Bàbá mi ò wò mí. "Ta ló bi ọ́?"

Ó yọ ọwọ́ kúrò léjìká mi. Akọ̀wé dìde lọ bá òyìnbó kan nínú yàrá. A ń gbọ́ ohùn wọn, a ò gbédè. Nígbà tó jáde, ó sọ fún àwọn èrò yòókù pé kí wọ́n máa bọ̀, ó wá kọjú sí wa.

"Bàbá, ẹ̀yin ẹ dúró."

Ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: dúró. Kò ní "ẹ dúró ná." Ohun tí bàbá mi gbọ́ ni pé òun ò lọ mọ́. Ó tú ìdí àpò rẹ̀, ó mú tẹ̀sùbáà jáde, kò ka nǹkan kan, ó kàn dì í mú. Àwọn èrò ń tò kọjá níwájú wa nínú aṣọ funfun. Mo kúnlẹ̀ tì í.

Ìgbà tí èrò tán ni akọ̀wé padà wá. Ó ti fa ìlà pa nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó ti kọ òmíràn. Ó ní wọ́n ti ṣí ẹni kan nípò, iwájú pátápátá ni bàbá yóò jókòó, níbi tí kò sí àga níwájú rẹ̀. Ó ní ìdí tí àwọn fi ní kó dúró ni pé àwọn ò fẹ́ kí èrò máa ta á lẹ́sẹ̀ lórí àkàsọ̀. Wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọkọ̀. Àwọn méjì fà á lọ́wọ́ gòkè. Kò bojú wẹ̀yìn.

Gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́hùn-ún, ohun kan ni mò ń rò. Bó bá kú síbẹ̀, pẹ̀lú ìbínú sí mi ló lọ.

Ọjọ́ tó dé, ilé kún. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó dáhùn bó ṣe dá gbogbo èèyàn lóhùn. Nígbà tí àlejò dínkù, ó wọ yàrá, ó ní kí n gbé òrí wá. Ó na ẹsẹ̀ náà lé mi lórí itan bó ti máa ń ṣe kí n tó lọ́kọ. Mo ń fi òrí ra á. Kò wú.

Ó ní, "Ògiri ló wà níwájú mi nínú ọkọ̀. Bí ààyè mi ní mọ́sálásí."

Ó wá ní kí n lọ bá òun dá àga iwájú tó wà ní pálọ̀ padà síbi tó wà kí òun tó tì í.