Eegun Tó Wà Lọ́dọ̀ Ìyá Yìnyín

Ìyá Yìnyín ni gbogbo yàrá àyẹ̀wò ń pè é, nítorí òun ló ń ṣọ́ fìríìjì ńlá tí wọ́n ń kó ohun àyẹ̀wò sí. Ẹni tó bá ṣí i láìsọ fún un ti tọwọ́ bọ ẹkùn lójú.

Nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ fóòmù, wọ́n dá gbogbo òkú mọ̀, ó wá ku ẹyọ eegun kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n gbé sínú fìríìjì Ìyá Yìnyín. Bàbá télọ̀ kan ní ọmọ òun wà níbẹ̀. Wọ́n fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n fi òwú náà pa mọ́, kí wọ́n lè fi DNA rẹ̀, àmì ìran tó wà nínú ara ẹni, wé ti eegun náà. Àmọ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ẹyọ DNA kan di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ojú lè tó o, kò rí nǹkan kan mú. Èyí tó gùn ló ń fẹ́, iná sì ti gé ti inú eegun yẹn wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ọdọọdún ni bàbá ń wá.

"Ẹ ò tíì rí nǹkan kan?"

"A ò tíì rí i, Bàbá."

Nígbà tó yá, ọ̀gá ní kí wọ́n da eegun náà nù. Ìyá Yìnyín ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ da èmi nù ná."

Lọ́dún kẹwàá ni wọ́n kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun, tó lè mú ègé tó kéré jù lọ kó sì sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyá Yìnyín gé díẹ̀ lára eegun náà, ó lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, ó gbé e sínú ẹ̀rọ. Òfo. Ó tún gé díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Ibi gbogbo tó yẹ kí ọmọ ti jọ bàbá ló ti jọ ọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe bàbá, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, òun ni."

Bàbá ní, "Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń wí i fún ìyá rẹ̀. N ò mọ̀ pé báyìí ló ṣe ń dunni."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ó pẹ́ jù."

"Ọdún mẹ́wàá nínú yìnyín! Òtútù á ti mú ọmọ mi."

Ìyá Yìnyín, tí ẹnikẹ́ni ò rí omi lójú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́, gbórí lé orúnkún bàbá, ó sunkún.

Wọ́n di ìyókù eegun náà sínú páálí kékeré. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ìyá Yìnyín sìn ín dé títì, ó bá a dá mọ́tò dúró, ó sì bẹ awakọ̀ pé kó rọra máa lọ.