Lúùkù Ra Tìfà

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá purọ́, kí ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi bọ́ sínú ọbẹ̀.

Olóògbé Pàá Àjàlá ló ń ta àgádágodo ní Gurley Street lẹ́yìn ogun, nígbà tí gbogbo Monrovia ń tún ilẹ̀kùn ṣe. Ọjọ́ tí Gbóyèga, òṣìṣẹ́ bánkì láti Congo Town, wá tọrọ Mobọ́lá ọmọ rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè gbàgbé. Wọ́n ti gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ síwájú ọmọkùnrin náà.

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó lucrative, sà."

"Ọ̀rọ̀ ńlá! O mọ ibi tó ti wá?"

"Látìn ni, sà. *Lucrum.* Èrè ló túmọ̀ sí."

"Látìn kẹ̀! Yorùbá ni. Lúùkù dókítà lọ sọ́jà, ó ra ọjà tó jẹ́ ìfà gbáà. Aráyé ń pariwo, 'Lúùkù ra tìfà!' Òyìnbó tó ń kọjá gbọ́ ọ, ó gbé e lọ, ó sì ba ohùn rẹ̀ jẹ́."

"Ẹ dákun, sà, Lúùkù kì í ṣe Yorùbá."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ṣé inú Bíbélì wa kọ́ ló wà ni?"

Gbóyèga ṣì ní Látìn ni. Pàá Àjàlá dìde fùú. "Ẹni tó kó ọ̀rọ̀ wa fún Látìn lónìí, á kó ọmọ-ọmọ mi fún wọn lọ́la!" Ó lé e jáde, kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìrẹsì.

Bó ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Thomas ará Vai Town ní àgádágodo wọ́n jù.

"My son, da lucrative lock."

"Lucrative for who, ol' pa?"

"For Lúùkù."

Thomas sanwó. Ó rò pé Lúùkù ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n Mobọ́lá kọ̀ jálẹ̀. "Bàbá, ẹ máa bá Látìn jà, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀." Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, bàbá ò sì rójú ta ọjà mọ́. Ni Gbóyèga bá padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Sà, mo ti tún un rò. Àwọn tó ń sọ Látìn ò mọ àmì ohùn. Ta ló mọ ohun tí etí wọn gbọ́?"

"Mobọ́lá!" ni bàbá ké. "Jáde wá kí ọkọ rẹ!"

Pàá Àjàlá ti lọ sinmi báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ Gbóyèga bi í pé kí ni lucrative. Ọ̀gbẹ́ni bánkì wú ikọ́, ó ní, "Lúùkù dókítà lọ sọ́jà..." Mobọ́lá sá wọ ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nujú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi kún un: ọ̀rọ̀ ìrẹsì yẹn. Pàá Àjàlá jẹ́ kó jẹun tán, ó tiẹ̀ bu ẹja tirẹ̀ sí i, kó tó lé e.