Caleb, Ọmọ Gbogbo Ilé

Bí ẹ bá rí ọkùnrin gíga kan lórí ọ̀kadà tó ń gun òkè Ọ̀kà, tí táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn bí ìrù ẹṣin, ẹ má bèèrè, Caleb Dáramọ́lá nìyẹn. Ìkàrẹ́ ló ń gbé, ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí ló ń tà. Ta ló ń ra ọjà tó di ọjọ́ téèyàn bá kú kó tó so èso? Àmọ́ Caleb mọ ọ̀nà rẹ̀. Bó bá wọ ilé kan l'Ọ̀kà, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á pọnmi, á gúnyán, á tún bá wọn lé ewúrẹ́. Kó tó ṣí báàgì, wọ́n ti sọ ọ́ dọmọ.

Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní òfin kan: aṣojú kò gbọdọ̀ tà fún ẹbí ara rẹ̀ láì kọ́kọ́ sọ, kó má baà jẹ́ pé òun ló ń gba owó iṣẹ́, òun náà ni yóò gba owó òkú. Caleb kò rú u rí. Kò ní ẹbí kankan l'Ọ̀kà.

Ni Ìyáàfin Latifah, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà láti Àkúrẹ́. Ta ni Caleb jẹ́ sí yín? Ọmọ mi ni. Àbúrò mi ni. Ọmọ mi àtàtà!

"Èmi náà mọ̀ pé ẹnu lásán ni," ló sọ fún Caleb, "àmọ́ ọ̀gá tèmi kò mọ̀. Màmá Zipporah ló kọ́kọ́ ra ọjà yìí l'Ọ̀kà. Kí wọ́n sọ fún mi pé ẹ ò bára yín tan. Ó parí."

"Bí wọn ò bá sọ ọ́ ńkọ́, mà?"

"Á jẹ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn."

Caleb sáré dé Ọ̀kà. Màmá Zipporah ń bó ẹ̀gúsí.

"Màmá, bí wọ́n bá pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà ní n kì í ṣe ọmọ yín. Iṣẹ́ mi ni."

"Caleb, ṣé o mu nǹkan ni?" Ohùn ìyá náà wá rọlẹ̀. "Mo sọ ọ́ fún Nathaniel ọmọ mi rí, lọ́jọ́ tínú bí mi. Ó jáde nílé, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Ẹnu yìí kò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé."

Fóònù dún. Ìyá náà gbé e, ó jókòó dáadáa bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Ọmọ mi ni!" ló pariwo. "Bí mo bá kú lónìí, òun ni yóò sin mí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti bá ọ tún un ṣe. Jẹ́ kí n rí ẹni tó máa lé ọmọ tó níyàá lẹ́nu iṣẹ́."

Caleb tú táì rẹ̀, ó ká a sápò. "Ẹ ṣeun, Màmá."

"Ṣé wàá jẹ iyán?"

"Màá jẹ, mà."

Caleb lọ gbé odó wá. Òun náà ló gún un.