Sàlàkọ́ àti Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Kòtò

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí Sàlàkọ́, ilé kéwú ló sì ti kàwé. Nígbà tó dé Ajégúnlẹ̀ láti wá ṣiṣẹ́ bíríkìlà, kò sí nǹkan kan tó pa òun àti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà pọ̀. Omi ló so wọ́n pọ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ti wà lójú kan láti ìgbà tí àdúgbò ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ àti koríko. Àwọn tó kọ́ ọ gbé e ga dáadáa. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gùn wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe, òkúta tuntun ni wọ́n ń dà lé ti àtijọ́. Títì ń ga, ṣọ́ọ̀ṣì dúró síbi tó wà. Nígbà tó yá, wọn ò gun àtẹ̀gùn wọlé mọ́, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ará àdúgbò wá ń pè é ní Ṣọ́ọ̀ṣì Kòtò.

Ọjọ́ Àjíǹde ni omi kọ́kọ́ wọlé. Ikechukwu, tó ń ta páátì ọkọ̀ ní Olódì-Àpápá, ni wọ́dìn, ìyẹn olórí àwọn tó ń bójú tó ilé ìjọsìn náà. Ó bá Sàlàkọ́ níbi tó ti ń rẹ́ ògiri ẹnìkan.

"Ẹ̀gbọ́n, wàtá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó."

"Mùsùlùmí ni mí o."

"Omi náà ò bi wá bóyá Áńgílíkà ni wá kó tó wọlé."

Sàlàkọ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Ó da yanrìn sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó da kọnkéré lé e, ó rẹ́ ẹ. Ilẹ̀ ga, omi dúró síta. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n tún títì ṣe. Ikechukwu tún wá, Sàlàkọ́ tún gbé ilẹ̀ sókè. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é títí irun àwọn méjèèjì fi funfun.

Kò sẹ́ni tó ronú kan òrùlé. Wọ́n kọ́kọ́ yọ fáànù, nítorí ó gé etí gèlè ìyá kan. Fèrèsé tó ga ju èjìká lọ tẹ́lẹ̀ wá dé orúnkún; ewúrẹ́ a máa gba ibẹ̀ wọlé lásìkò ìwàásù, a sì gba ti òdìkejì jáde. Wọ́n ń gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn títí ó fi dà bí ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Ẹni tó bá ga ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Àwọn kúkúrú náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba, wọ́n rò pé àṣà ìjọ ni.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọ̀dọ́ lórí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ò tíì rí ìjọ tó bẹ̀rù Ọlọ́run tó báyìí. Lẹ́yìn náà ló gòkè lọ sídìí pẹpẹ, fìlà gogoro orí rẹ̀ sì wọnú àjà. Pákó àjà ti jẹrà, fìlà há síbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀, fìlà ò bá a sọ̀ kalẹ̀. Àwọn akọrin ń kọrin wọn lọ. Fíkà, ìyẹn àlùfáà ìjọ náà, gun àga, ó yọ ọ́.

"Ta ló ń gbé ilẹ̀ ilé yìí sókè?" ni Bíṣọ́ọ̀bù bi wọ́n.

Gbogbo ìjọ yíjú sí fèrèsé. Sàlàkọ́ ti wá wò ó bóyá ilẹ̀ òun á gba èrò. Ó jókòó sójú fèrèsé láti ìta.

"Èmi ni, sà."

"Ibo lẹ fẹ́ gbé e dé?"

Sàlàkọ́ wo àjà, ó wo ilẹ̀. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré, sà."

Bíṣọ́ọ̀bù ò rẹ́rìn-ín. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ òmíràn. Ikechukwu ló wá sọ fún Sàlàkọ́, kò lè wò ó lójú. Wọ́n fẹ́ kí Sàlàkọ́ kọ́kọ́ fọ́ ilẹ̀, kí wọ́n lè rí òkúta rẹ̀ lò.

"Bàbá Mutmainah," ni Àsíátù ìyàwó rẹ̀ wí, "gbogbo iṣẹ́ yín ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín fọ́ yìí. Kò dùn yín ni?"

"Ilẹ̀ ni. Wọ́n kúkú ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Àmọ́ kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán.

Òun àti lébìrà méjì ló fọ́ ọ. Èyí tó wà lókè rí gbágungbàgun. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dán díẹ̀. Sàlàkọ́ rí i pé bí àwọn ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ọwọ́ òun ń dáa sí i. Kò sọ fún àwọn lébìrà. Nígbà tí wọ́n kó yanrìn ìkẹyìn kúrò, ilẹ̀ pupa yọ, ilẹ̀ àwọn tó kọ́ ilé náà, ó ṣì ń dán.

Ìyá Akpevwe, tí wọ́n gbé níyàwó níbẹ̀, bọ́ bàtà rẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró níwájú pẹpẹ. "Ibí yìí ni," ló wí.

Ìgbà yẹn ni Sàlàkọ́ gbójú sókè. Àjà jìnnà réré. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ojú fèrèsé wá láti òkè, ó ń bà lé wọn léjìká. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, omi nìkan ló ń wò.

"Ilé yìí ga o," ló wí.

"Ó ga gan-an," ni Ikechukwu dáhùn. Ó nu ojú, ó ní eruku ni.

Sàlàkọ́ jáde, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun àsárì létí ògiri. Ó pẹ́ ní ìforíkanlẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ.

Ilé tuntun náà ga, ẹlòmíràn ló sì ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Ikechukwu di Sàlàkọ́ lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn, ó fi í jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí Fíkà dárúkọ Sàlàkọ́ pé kó dìde kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oorun ti gbé e lọ. Ikechukwu ló dìde dípò rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wàásù lé lórí?" ni Àsíátù bi í nígbà tó délé.

"Àga wọn dáa," ni Sàlàkọ́ wí.