Ohùn Kan ní Yàrá Ìrọbí

Ìpínlẹ̀ Kwara ṣì jẹ́ tuntun nígbà tí ìjọba rán Dókítà Janet wá sí ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ọ̀mù-Àrán, kí ó wọn bí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ibi tí kò bá yege, wọn yóò mú dókítà ibẹ̀ lọ.

Dókítà kan ṣoṣo tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ní níbẹ̀: Salaudeen, ọmọ Ìlọrin, tí ojú máa ń tì. Rúùtù, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Kí Salaudeen tó dé, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń gbé obìnrin tí ìbí bá há mọ́ lọ sí Ìlọrin. Àwọn mìíràn kú sí Ganmo lójú ọ̀nà.

Rúùtù ní òfin kan. “Ohùn kan ni kí ẹni tó ń rọbí máa gbọ́. Bó bá di méjì, ẹ̀rù á bà á.” Òun ló ń sọ̀rọ̀, Salaudeen á dákẹ́. Bó bá tẹ́wọ́, Rúùtù ti fi àlùmọ́gàjí síbẹ̀.

Dókítà Janet wo ìbí kan, ó sì mi orí.

“Ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ń jà ni?”

“Ìjà kẹ̀, Dókítà?” ni Rúùtù dáhùn.

“Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bára yín sọ ni mo wá wọ̀n. Òdo ni mo rí.”

Rúùtù kò lè jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Nígbà tí Fulera, ìyàwó àgbẹ̀ kan láti Ìsánlú-Ìsin, bẹ̀rẹ̀ sí rọbí lọ́sàn-án, Rúùtù fa Salaudeen sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọmọ Ìlọrin, ẹnu tí o fi ń jẹ wàrà, là á lónìí o.”

Salaudeen gbìyànjú. “Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo orí ọmọ.”

“Mo ti wò ó, Dókítà.”

“Ẹ ṣeun, Sísítà.”

Fulera lajú. “Kí lẹ ń sọ? Ṣé ọmọ mi ti kú ni?” Ó rọ̀ mọ́ ibùsùn, kò rọbí mọ́.

Rúùtù gbàgbé òdo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú. “Fulera, èmi ni kí o gbọ́. Ọmọ rẹ ń bọ̀.”

Salaudeen pa ẹnu mọ́. Dókítà Janet, tó dúró ti ibùsùn, fẹ́ sọ̀rọ̀; Rúùtù wò ó, Dókítà sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Salaudeen fi ojú júwe ẹsẹ̀ Fulera, Dókítà Janet sì dì í mú títí ọmọ fi ké.

Nídìí omi ìfọwọ́, Rúùtù bi Dókítà Janet léèrè jẹ́jẹ́: “Ta ló ní kí ẹ di ẹsẹ̀ yẹn mú?”

“Kò sẹ́ni tó…” Dókítà Janet bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí ọmọ Ìlọrin yín máa bá yín gbé.”

Salaudeen na ọwọ́ tútù rẹ̀ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, aṣọ ìnuwọ́ sì ti wà níbẹ̀.